Epo Tí A Kò Tíì Wà, Gbèsè Tí A Ti Jẹ

Orílẹ̀-èdè tó bá ń ta epo rọ̀bì, tó sì ń jẹ gbèsè, ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tòótọ́ kò gbọdọ̀ fi ti ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú ìjọba ń sọ níwájú kámẹ́rà ṣe. Ìwé owó ni kó lọ wò. Kó wo ẹni tó ń ra epo náà, kó wo ẹni tó yá wọn lówó, kó sì wo ohun tí wọ́n fi dógò kí owó náà tó jáde. Nǹkan mẹ́ta yìí ló máa ń pinnu ẹni tí ìjọba yóò tì lẹ́yìn ní àjọ àgbáyé, ẹni tí yóò bá wí, àti ẹni tí yóò ṣẹ òun tí òun yóò sì dákẹ́.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Adéwọlé ní Ìlọrin ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìṣírò owó ìjọba ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Lára iṣẹ́ náà ni pé mo máa ń bá àwọn ọ̀gá lọ sí ìpàdé FAAC ní Àbújá, níbi tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ti ń pín owó tó wọlé lóṣooṣù. Bébà gbàgàdà kan ni wọ́n máa ń pín fún wa, orúkọ ìpínlẹ̀ 36 á tò sórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òpó kan á sọ iye tó tọ́ sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òpó mìíràn á sọ iye gbèsè òkèèrè tí wọ́n ti yọ. Òpó tó gbẹ̀yìn á sọ iye tó kù tí yóò dé ilé. Kò sí ìpínlẹ̀ tó lè yá owó lókè òkun láìjẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ṣe onídùúró fún un. Nítorí náà, ìjọba àpapọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó mú owó wá san. Láti orísun ló ti ń yọ tirẹ̀.

Mo máa ń ṣàkíyèsí àwọn kọmíṣọ́nnà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn. Ojú wọn á kọ́kọ́ lọ sí òpó àkọ́kọ́, inú wọn á dùn. Wọ́n á wá fi ìka tọ ìlà ìpínlẹ̀ wọn títí dé ìparí, wọ́n á sì yíjú sí èmi tí mo jókòó lẹ́yìn: “Alàájì, ta ló yá eléyìí?” Nígbà púpọ̀, ẹni tó yá a ti kúrò lórí oyè tipẹ́. Àwọn tó ń san án kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé.

Bó ṣe ń rí fún ìpínlẹ̀ lórí bébà yẹn náà ló ń rí fún odidi orílẹ̀-èdè láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún tí òpó àkọ́kọ́ bá kún, tí òpó gbèsè sì ṣófo, orílẹ̀-èdè á yan ọ̀rẹ́ bó ṣe wù ú. Ọdún tí òpó gbèsè bá ti jẹ èkejì rẹ̀ run, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa yan ọ̀rẹ́ fún un. Ìtàn Nàìjíríà láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ẹ̀rí mi.

A rí epo ní Oloibiri lọ́dún 1956, a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ sókè òkun lọ́dún 1958, a sì wọ àjọ OPEC lọ́dún 1971. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá, àwọn Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà, iye owó àgbá epo kan sì fò láti nǹkan bíi dọ́là 3 sí nǹkan bíi dọ́là 12 láàrin oṣù díẹ̀. Nàìjíríà já okùn àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì nínú oṣù yẹn gan-an, bí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ṣe. Ṣùgbọ́n kò dá epo dúró fún Amẹ́ríkà. Ó bá àwọn Lárúbáwá kẹ́dùn, ó sì bá Amẹ́ríkà nájà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà wàràwàrà, tí gbèsè kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ló lè rìn bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó, ECOWAS sì dìde. Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ló lé iṣẹ́ náà títí ó fi yọrí. Ẹ̀rù ń ba àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké tó ń sọ èdè Faransé pé Nàìjíríà yóò gbé wọn mì. Owó epo la fi tù wọ́n lójú. Nàìjíríà gbà láti máa dá nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí àjọ náà ń ná, ó sì ṣètò láti máa ta epo fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ẹ̀dínwó. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ó bá ìjọba ibẹ̀ da owó pọ̀ láti dá ilé iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní Onigbolo. Ilẹ̀ Yorùbá ni méjèèjì wà. Owó tó ti inú epo Niger Delta jáde wá di oko ìrèké àti sìmẹ́ńtì fún àwọn ọmọ ìyá wa tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ààlà yà kúrò lára wa. Lójú tèmi, àjọṣe tó dára jù tí epo tíì bá wa dá sílẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ẹni tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀.

Agbára yẹn náà la lò lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó jìnnà. Ní oṣù kìíní ọdún 1976, Amẹ́ríkà ń fẹ́ kí àwọn olórí Áfíríkà kẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ MPLA ní Àǹgólà. Nàìjíríà ti tì MPLA lẹ́yìn, ó sì ti fi 20 mílíọ̀nù dọ́là ràn án lọ́wọ́. Ọ̀gágun Murtala Mohammed dìde ní ìpàdé OAU ní Addis Ababa, ó ní Áfíríkà ti dàgbà, kò sí agbára òkèèrè tí yóò máa pàṣẹ fún un mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1979, bí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Lusaka, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba gbogbo ohun ìní iléeṣẹ́ BP ní Nàìjíríà nítorí epo tó ń dé ọ̀dọ̀ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa. Àwọn ilé epo tí wọ́n kọ BP sí lára di African Petroleum. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 1980, Zimbabwe ti gba òmìnira. Ìjà tí àwọn ọmọ Zimbabwe jà fúnra wọn ló ṣáájú ohun gbogbo, àmọ́ London náà mọ̀ pé Nàìjíríà ń ta ju mílíọ̀nù méjì àgbá lọ lójúmọ́, pé Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń rà á jù, àti pé a kò jẹ Gẹ̀ẹ́sì ní gbèsè tó lè fi dí wa lẹ́nu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà rèé, ọ̀pọ̀ ni kò sì kíyè sí i nígbà náà. Owó tí àwọn Lárúbáwá ń rí nínú epo kò dúró sí aṣálẹ̀. Báńkì New York àti ti London ni wọ́n ń kó o lọ. Àwọn báńkì wọ̀nyí kò lè tò ó jọ lásán, wọ́n ní láti yá a jáde kí wọ́n lè rí èlé. Wọ́n wá ń wá orílẹ̀-èdè tó ní epo tàbí tó ní ohun àmúṣọrọ̀ mìíràn, tí wọ́n á sì máa rọ̀ ọ́ pé kó wá yá. Mexico yá, Brazil yá. Ní ọdún 1978, àwa náà yá bílíọ̀nù kan dọ́là, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí jumbo loan. Owó epo wá tipa bẹ́ẹ̀ di gbèsè lọ́rùn àwọn tó ń ta epo. Èlé irú ẹ̀yáwó yẹn kì í dúró lójú kan. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé sókè láti ìparí ọdún 1979, èlé tiwa náà gòkè. Nígbà tó di ọdún 1982, iye owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Òpó kan ń kún, òpó kejì ń fà.

Àwọn aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ọdún 1979 ni ECOWAS ṣe òfin pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa rìn fàlàlà láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Alàájì Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó jáde. Àwọn tó lọ ju mílíọ̀nù kan lọ, ọmọ Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì onílà gàdàgbà tí wọ́n fi kó ẹrù wọn la ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní ní Ọjà Ọba àti ní Bàbókò. Ilé iṣẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ àti Onigbolo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin àsìkò yẹn gan-an, ọjà Nàìjíríà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ wọn sì ti dẹnu kọlẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun tún ti ẹnubodè pa.

Lẹ́yìn náà ló kan àwa fúnra wa. Ní ọdún 1985, gbogbo ìlú ń jiyàn bóyá ká gba ẹ̀yáwó IMF tàbí ká má gbà á. Ará ìlú ní àwọn kò fẹ́, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida sì kéde nínú oṣù kejìlá pé òun ti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí a jẹ lówó kò gbà láti sún ọjọ́ gbèsè síwájú fún wa àyàfi tí a bá ṣe ohun tí IMF ń fẹ́. Ní ọdún 1986, ètò SAP wọlé. A kọ owó wọn, a sì gba àṣẹ wọn. Náírà tó lágbára ju dọ́là lọ ní ọdún 1985 ti di nǹkan bíi mẹ́rin sí dọ́là kan ní ọdún 1987. Orílẹ̀-èdè tó gba BP lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún méje péré ṣáájú kò lè pinnu iye tí owó tirẹ̀ yóò jẹ́ mọ́.

Nọ́ńbà kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní ọdún 1994, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀mọ̀wé Pius Okigbo ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ pé bílíọ̀nù 12.4 dọ́là wọ àwọn àkáǹtì àkànṣe kan láti ọdún 1988, pàápàá lára owó epo tó gòkè nígbà tí Iraq gbógun ti Kuwait ní ọdún 1990, àti pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ná láìgba inú ètò ìsúná kọjá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, Ọbásanjọ́ tó ti padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, pẹ̀lú Ngozi Okonjo-Iweala tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, bá àwọn olówó Paris Club ṣe àdéhùn lórí gbèsè tó tó bílíọ̀nù 30 dọ́là. Wọ́n dárí bílíọ̀nù 18 jì wá, a sì san ìyókù. Iye tí a san lápapọ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún 2006 ni bílíọ̀nù 12.4 dọ́là. Iye kan náà tí kò rí àlàyé ṣe lábẹ́ ológun ni iye tí a kó lé àwọn ará òkèèrè lọ́wọ́ kí wọ́n tó tú okùn lọ́rùn wa. Kí a tó rí ìdáríjì yẹn gbà, a bẹ Gẹ̀ẹ́sì, a bẹ Amẹ́ríkà, a bẹ Jámánì, a sì tò gbogbo ìwé ìnáwó wa síwájú IMF kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbóríyìn fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Síbẹ̀ ó ń dùn mí pé ẹ̀bẹ̀ la fi gba ohun tí owó tiwa ì bá ti yanjú.

Nígbà tí gbèsè Paris ń kúrò nílẹ̀, ọ̀rẹ́ tuntun ti dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 2006, ìjọba fún àwọn iléeṣẹ́ epo Ṣáínà ní ibi tí wọ́n lè wa epo, kí Ṣáínà lè bá wa tún ilé ìfọpo Kàdúná ṣe, ó sì gbé iṣẹ́ rélùwéè Èkó sí Kánò fún wọn ní bílíọ̀nù 8.3 dọ́là. Nígbà tí Umaru Yar'Adua gorí àlééfà, ó wọ́gi lé púpọ̀ nínú ètò “fún mi lépo, kí n kọ́ rélùwéè fún ọ” yìí. Láti ìgbà náà, ẹ̀yáwó ló rọ́pò rẹ̀. Báńkì Exim ti Ṣáínà yá wa lówó rélùwéè Àbújá sí Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016 àti ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Àwa ará Ìlọrin ń retí kí ó kọjá Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú irin ayé Gẹ̀ẹ́sì la ṣì ń wò.

Láàrin àkókò náà, àwọn tó ń ra epo wa yí padà. Ní ọdún 2010, Amẹ́ríkà ń rà tó mílíọ̀nù kan àgbá lójúmọ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n wá rí epo nínú àpáta ilẹ̀ tiwọn, tó fi jẹ́ pé ní oṣù keje ọdún 2014 wọn kò ra ẹyọ àgbá kan. Íńdíà ló bọ́ sípò wọn. Ọdún 2014 yẹn náà ni Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ń bínú síra wọn lórí ohun ìjà tí a fẹ́ fi gbógun ti Boko Haram. N kò sọ pé epo nìkan ló fà á, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ máa ń rọra bá ọ wí ju ẹni tí kò nájà rẹ mọ́ lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2017, iye owó epo ti já, dọ́là sì wọ́n bí ojú. Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Ṣáínà wá sí Àbújá. Ìjọba wa kéde pé kí Taiwan kó ọ́fíìsì ìṣòwò rẹ̀ kúrò ní Àbújá lọ sí Èkó, àti pé Ṣáínà kan ṣoṣo ló wà. Lẹ́sẹ̀kan náà ni wọ́n sọ ìlérí bílíọ̀nù 40 dọ́là tí Ṣáínà fẹ́ fi dókòwò sí i níbí. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ló kíyè sí i, ọ́fíìsì kékeré kan ló kó ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé Lusaka. Ní ọdún 1979, Nàìjíríà lo epo láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹni tó lágbára jù ú lọ. Ní ọdún 2017, ìrètí owó ló mú kó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Adéwọlé máa ń bi mí pé, “Bàbá, ṣé Ṣáínà ò ní gba ìlú yìí lọ́wọ́ wa báyìí?” Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rù. Ní òpin ọdún 2024, gbèsè òkèèrè Nàìjíríà ju bílíọ̀nù 45 dọ́là lọ. Ti Ṣáínà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 5. Báńkì Àgbáyé ló yá wa jù, àwọn tó ra Eurobond lọ́wọ́ wa ló sì tẹ̀ lé e. Àwọn oní-Eurobond kò ní aṣojú ní Àbújá, wọn kì í bèèrè ìbò lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n èlé wọn ga, ọjọ́ wọn kì í sì í yẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí Ṣáínà pàṣẹ fún òun nítorí rélùwéè, tó sì ń jẹ́ kí Báńkì Àgbáyé àti IMF kọ ètò ìsúná fún òun, kò tíì gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù ni epo tí a fi dógò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ìjọba tàbí iléeṣẹ́ epo rẹ̀ á gba owó lónìí, á sì ṣèlérí iye àgbá kan lójúmọ́ fún ọdún mélòó kan. Ẹni tó bá ra epo náà kò ní sanwó sí ọwọ́ ìjọba. Inú àkáǹtì pàtàkì kan tí olówó ń ṣọ́ ni yóò san án sí. Olówó á kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, ìyókù ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sílé. Tí epo bá wọ́n, àgbá díẹ̀ ni yóò san gbèsè ọdún kan. Tí epo bá já, àgbá púpọ̀ ni yóò lọ, ìjọba kò sì ní rí nǹkan kan ná, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí epo bá já gan-an ni owó máa ń wọ́n lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn baba wa mọ irú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà máa ń rí ọmọ náà ní ojoojúmọ́ lójú ọ̀nà oko, tirẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ ọmọ náà ti di ti olówó. Àǹgólà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004 pẹ̀lú bílíọ̀nù 2 dọ́là láti Báńkì Exim ti Ṣáínà. Nígbà tí iye owó epo já ní ọdún 2014, apá tó pọ̀ nínú epo rẹ̀ ló ń lọ san gbèsè kí ará ìlú tó rí nǹkan kan. Nàìjíríà náà ti wọ ọ̀nà yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, NNPC kéde ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 3 dọ́là láti Afreximbank. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi dógò, nǹkan bíi 90,000 àgbá lójúmọ́. Báńkì Áfíríkà ni Afreximbank, inú mi sì dùn pé ilé la ti yá a. Àmọ́ ìwọ̀fà tó wà nílé ẹbí, ìwọ̀fà náà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀nà yìí lè gbé ènìyàn dé, kó wo òkè odò Ọya. Ní ọdún 1964, Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní 82 mílíọ̀nù dọ́là láti kọ́ ìdídò Kainji, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1969. Gbèsè ni, gbèsè rere sì ni: a ti san án tán, iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Nítorí odò kan náà ló ṣàn gba orílẹ̀-èdè Niger kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a gbà láti máa fún wọn ní iná kí wọ́n má bàa dí odò lókè. Láti ọdún 1976, iná Nàìjíríà ló ń tàn ní Niamey. Àjọṣe tó nítumọ̀ nìyẹn, omi lọ́dọ̀ wọn, iná lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. ECOWAS fi ìyà owó jẹ wọ́n, Nàìjíríà sì gé iná. Mo kórìíra ìjọba ológun. Mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn, mo mọ ohun tí wọ́n fi owó ìlú ṣe. Síbẹ̀, ilé ìwòsàn àti ilé tálákà ni a sọ sínú òkùnkùn, àwọn ológun kò sì kúrò.

Ìjọba Niger tí owó rẹ̀ ti dí wá yíjú sí ibòmíràn. Iléeṣẹ́ epo CNPC ti Ṣáínà ti la ọ̀pá epo tó gùn tó nǹkan bíi 2,000 kìlómítà láti Agadem wá sí Sèmè-Kpodji ní etí òkun Benin, nítòsí bodè Sẹ̀mẹ̀ tí àwọn oníṣòwò wa mọ̀ dáadáa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Niger gba 400 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ CNPC pẹ̀lú èlé ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, epo tí kò tíì dé etí òkun ni wọ́n fi dógò. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Patrice Talon ti Benin ní epo náà kò ní wọ ọkọ̀ nítorí pé Niger kọ̀ láti ṣí ẹnubodè rẹ̀ fún ọjà Benin. Àwọn ará Ṣáínà ló bá wọn dá sí i kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra. Ní oṣù kẹfà, Niger fúnra rẹ̀ ti ọ̀pá náà pa. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2025, Niger ti lé àwọn ọ̀gá epo Ṣáínà jáde nílùú. Nínú oṣù kìíní ọdún kan náà ni Niger, Mali àti Burkina Faso jáde pátápátá nínú ECOWAS, àjọ tí a fi owó epo wa gbé dìde ní ọdún 1975. Ẹ wo bí olówó ṣe di onílàjà, tí onílàjà di ọ̀tá, láàrin ọdún kan ṣoṣo.

Kò jìnnà sí wa. Ìpínlẹ̀ Kwara bá Benin pààlà ní Baruten. Ìyá kan ní àdúgbò wa máa ń gba Chikanda lọ sí Parakou. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọjà rẹ̀ há sí òdì kejì, àwọn oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀ sì ń fóònù pé, “Ìyá, kí la ṣe fún Nàìjíríà?” Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tí ìjọba wa ń fi owó ìrànwọ́ gbé ni wọ́n ń rù kọjá bodè lóru, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní Kútọnu lórúkọ kpayo. Lọ́jọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fòpin sí owó ìrànwọ́ náà, 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo ga ní Adéwọlé, ó sì ga ní Kútọnu. Ẹnikẹ́ni kò ti Benin bá wa jókòó. Ìbáṣepọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan ni, ó sì ń bọ́ ẹgbàágbèje ẹnu.

Nítorí náà, ohun tí mo rí kọ́ kò le. Epo kì í sọ orílẹ̀-èdè di ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni, gbèsè kì í sì í sọ ọ́ di ẹrú fúnra rẹ̀. Ohun tó ń pinnu ni bóyá owó ọ̀la ṣì wà lọ́wọ́ wa. Orílẹ̀-èdè tó bá ṣì ní epo ọ̀la rẹ̀ lè kọ̀, ó lè gbà, ó lè bínú, ó sì lè dárí jì. Èyí tó bá ti tà á kò ní nǹkan kan tí yóò fi kọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Èmi á fi kún un pé ẹni tó fi èrè oko ọdún mẹ́wàá yá ẹgbẹ̀fà ti bẹ́gi dínà ọmọ rẹ̀.

Mẹ́ta ni mo ń fẹ́. Àkọ́kọ́, kí ìjọba tó fi epo dógò, kí odindi ìwé àdéhùn náà dé iwájú ilé aṣòfin, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún ará ìlú láti kà. Ní ọdún 2020, àwọn aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú ẹ̀yáwó kan láti Ṣáínà pé Nàìjíríà ti yááfì ààbò tí òfin fún un gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè olómìnira bí ìjà bá dé. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìwé ẹ̀yáwó káàkiri ayé, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí kò dára ni pé ẹ̀yìn tí a ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ la tó kà á. Ìkejì, kí a má ṣe yá owó fún ohun tí kò ní wà mọ́ nígbà tí a bá ń san án. Kainji yege ìdánwò yìí. Owó oṣù àti ayẹyẹ kò lè yege rẹ̀ láéláé. Ìkẹta, kí a tún ilé ṣe kí a tó lọ kí ará oko. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí lè fọ 650,000 àgbá lójúmọ́, ó sì ti ń ta epo fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Bí ìjọba bá fi ọgbọ́n lò ó, tí Benin, Tógò, Niger àti Gánà bá lè ra epo tí a fọ̀ lọ́dọ̀ wa ní iye tó tọ́, a ó tún ní irú ohun tí a ní ní ọdún 1975, láìfi ti ẹ̀dínwó ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ní aṣòfin tó ń ṣojú yín. Ó ń padà wálé, ó ń ṣe nàfílà nínú mọ́ṣáláṣí yín, ó ń jẹun níbi ìgbéyàwó yín. Ẹ má bi í pé kí ló kó wálé nìkan. Ẹ bi í pé mélòó nínú epo ọdún tó ń bọ̀ ló ti di ti ẹlòmíràn, ta ni ẹni náà, kí la sì fi owó rẹ̀ ṣe. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ rán an.